Àga Tí Mo Rà fún Bàbá

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọjọ́ mẹ́ta kọ́, ó ti di oṣù, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń wo ọ̀nà títí ojú fi ń ro yín. Mo kúnlẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ ló gbá mi mú, kì í ṣe pé mo gbàgbé ilé. Ara yín ńkọ́? Etí yín ńkọ́, ṣé ó ṣì kọ fóònù? Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀yin lẹ ní lẹ́tà ṣe é kà lẹ́ẹ̀mejì, fóònù ò ṣe é gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní ìròyìn. Bàbá, wọ́n ti sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n! Ẹ tún un kà tí kò bá dá yín lójú. Nígbà tí wọ́n fún mi níwèé ẹ̀, mo dúró lójú àtẹ̀gùn yunifásítì bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rántí, ẹ̀yin àti ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ yín.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa pe gbogbo èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn ńlá, èmi á sì dúró níwájú wọn, màá sọ ohun tí mo ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí wádìí. Ẹni tó bá di ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni láyé ẹni. Àga kan wà níwájú pátápátá tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ẹbí. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé yín ṣì ń sọ fún gbogbo ayé pé bọ́ọ̀lù ni mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹ̀kọ́ nípa ìlera ará ìlú ni iṣẹ́ wa, àti bí eré ìdárayá ṣe ń tún ara ṣe. Àwọn kan lára wa ń wo ọkàn, àwọn kan ń wo ọmọdé tó sanra jù, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé oorun nìkan ló ń wò. Àwọn àgbà ni tèmi. Mo ń wo ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn gbé wọn dúró, àti ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣubú.

Àga tí mo rà fún yín ńkọ́? Inú mi dùn pé ẹ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọṣẹ́ yín bí mo ṣe bẹ̀ yín. Ẹ rántí ohun tí mo sọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan mọ́. Ẹ ti ṣe é tó. Obìnrin tí mo gbà láti máa tọ́jú yín yẹn, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀. Kí ẹ jókòó kí ẹ máa jẹ èrè ọmọ ló kù.

Ọmọ yín tí kì í gbàgbé yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Tíṣà mi,

Àbí kí n ti máa pè ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí kí n má bàa jẹ̀bi? O kú oríire o, ọmọ mi. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mo tún yọ ọ́, mo tún kà á. Èmi tí mo ń tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú kí o lè lọ sílé ìwé, èmi ni mo di bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọlọ́run tóbi.

Mo sọ fún onígbàjámọ̀. Ó gbé abẹ tó fi ń fá orí ẹni ẹlẹ́ni dúró, ó ní, "Ṣé kéèyàn kàwé títí irun á fi funfun kó tó lè kọ́ àgbà bí wọ́n ṣe ń rìn? Ta ló kọ́ èmi?" Mo ní ẹni tó kọ́ ọ náà ò kọ́ ọ dáadáa, torí bíi pẹ́pẹ́yẹ lò ń rìn. Ẹni tí wọ́n ń fá lórí rẹ́rìn-ín débi pé abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é léṣe. Ojú fèrèsé ni mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, mi ò jáde lọ́jọ́ yẹn.

Obìnrin tí o gbà ń ṣe dáadáa, àní ó ń ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti fún un lórúkọ: Ẹ-Má-Dìde. Ohun tó ń tẹnu ẹ̀ jáde láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Bí mo bá ní kí n bu omi mu, "Bàbá, ẹ má dìde!" Bí mo bá ní kí n ṣí fèrèsé, "Bàbá, ẹ má dìde!" Lọ́jọ́ kan, ìdí lásán ni mo fẹ́ yí padà, ó ti sáré dé láti ilé ìdáná tòun ti ìgbákọ lọ́wọ́. Ó ní àṣẹ rẹ ni, pé ẹni tó mọ̀ nípa ara ló pa á, òun ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Kí ni mo fẹ́ wí?

Àga náà dára. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò yìí. Ó rọ̀ débi pé bí mo bá jókòó sí i, orúnkún mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yìn ọ́.

Ní ti ìrìn àjò yẹn, jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná. Ọ̀nà jìn. Ta ló máa ṣọ́ ilé? Mo ti súre fún ọ láti ibi tí mo jókòó sí, ìre kì í sì í gba ìwé ìrìnnà. Kí ẹlòmíràn jókòó sí àga iwájú yẹn, wàá ṣe é yọrí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àmójútó. Mo ka ìtàn Ẹ-Má-Dìde fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n bá òun wá irú ẹ̀ fún ìyá òun.

Ṣùgbọ́n èsì yín lórí ìrìn àjò yìí dùn mí, mi ò ní purọ́. Ta ló máa ṣọ́ ilé? Ilé wo, Bàbá? Ilé tí Ẹ-Má-Dìde wà nínú ẹ̀, tí onígbàjámọ̀ ń ṣọ́ ní ìta láìgbowó? Olè wo ló fẹ́ gba àárín àwọn méjèèjì kọjá?

Ì bá wù mí kí ẹ rí yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó gùn, ilẹ̀ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà, wọ́n fi téèpù funfun fa ìlà sí i. Àga onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò ní ibi ìgbọ́wọ́lé. Àgbà á jókòó sí i, á ká apá méjèèjì sí àyà, á sì dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Á tún jókòó, á tún dìde. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó ṣeé ṣe kó ṣubú, kó tó ṣubú. Ẹ dán an wò nílé, kí ẹ pe onígbàjámọ̀ kí ẹ jọ díje, ẹ ó sì rí i pé ẹ máa fìyà jẹ ẹ́.

Bàbá kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ akẹ́rù ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, kò lè dá dìde. A ti ń bá a ṣe é bọ̀ láti ìgbà òtútù. Lọ́jọ́ náà, ó dìde fúnra ẹ̀, ó wò yí ká, ó bú sẹ́kún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, ni èmi náà bá ń sunkún níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, kí n má jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣé nítorí ìsìnkú Màmá ni? Mo mọ̀ pé mi ò wá. Wọ́n ní iṣẹ́ ìwádìí yẹn ò ṣe é fi sílẹ̀, mo sì gbà fún wọn. Ẹ ò bá mi wí rí, Bàbá. Ì bá sàn kí ẹ ti bá mi wí ju kí ẹ fi àìwá yín san án fún mi.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ. Ara mi le.

Ẹni tó lọ ti lọ. Má hú ìyá rẹ jáde látinú ilẹ̀ wá fi ṣe ẹlẹ́rìí. Mi ò bá ọ wí nígbà yẹn, mi ò sì ní í bá ọ wí báyìí. Tí mo bá fẹ́ bá ọ wí, o mọ ẹnu mi, mi ò ní í fi àwàdà bò ó.

Mo ní mi ò ní wá. Àgbà ò ní sọ pé òun ò lọ kí ọmọ máa bi í ní ìdí bí ọlọ́pàá. Má ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú kankan, ìnákúnàá ni. Má sì tún kọ nǹkan kan sí mi mọ́ nípa bí àgbà ṣe ń ká apá sáyà. Mi ò sí lára akẹ́kọ̀ọ́ rẹ.

Onígbàjámọ̀ ní kí n kí ọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Lẹ́tà kẹta rèé tí mo kọ láìrí èsì. Mo tọrọ àforíjì nínú ti àkọ́kọ́, mo tún tọrọ ẹ̀ nínú èkejì. Mo pe Ẹ-Má-Dìde lórí fóònù, ó ní "Bàbá wà dáadáa", ló bá pa fóònù mọ́ mi létí. Kò ṣe irú ẹ̀ sí mi rí, ó máa ń fẹ́ràn kó ròyìn títí owó fóònù á fi tán. Ta ló ní kó má bá mi sọ̀rọ̀?

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sí mi nínú ìwé. Ẹ bú mi, mo lè kà á. Èyí tí ẹ dákẹ́ yìí ni mi ò lè kà. Mo ti ń bẹ̀rù láti dé ibi àpótí lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, torí mo mọ̀ pé ìwé ìpolówó ni mo máa bá níbẹ̀.

Mo ti sọ fún àwọn tó ń ṣètò gbọ̀ngàn pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni sórí àga yẹn. Bí ẹ ò bá wá, á ṣófo níwájú gbogbo èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ kí ojú mi rí nìyẹn, mo gbà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Ọmọ mi,

Má wo bí ìwé yìí ṣe rí gbágungbàgun. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni kò tíì bọ̀ sípò. Mo ṣubú. Má pariwo o, mi ò kú, èmi náà ni mò ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí ìwé rẹ dé, èyí tí o ti sọ̀rọ̀ ìdánwò orí àga, mo ní kí n dán an wò. Ẹ-Má-Dìde ti lọ ra ọṣẹ. Mo ká apá sáyà bí o ṣe wí, mo ní ó yá. Ìdí mi ò kúrò lójú kan. Mo rò pé mi ò múra sí i ni, mo tún gbìyànjú. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, mo fi ti orúnkún, mo pe Ọlọ́run, mo pe ìyá rẹ. Kò lọ. Ọjọ́ yẹn náà ni mo jókòó kọ ìwé ìbínú yẹn sí ọ. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí.

Mi ò sì sinmi. Gbogbo ìgbà tí obìnrin yẹn bá ti jáde ni mò ń gbìyànjú. Lọ́jọ́ kan, mo sún dé etí àga, ẹsẹ̀ àga yọ̀, mo bá ara mi nílẹ̀, ọwọ́ mi sì wà lábẹ́ mi. Ibẹ̀ ni mo wà títí ó fi dé. Mo rí abẹ́rẹ́ mi kan lábẹ́ àga náà, èyí tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Mo dì í mú kí n lè ní nǹkan tí mò ń ṣe. Èmi ni mo ní kí Ẹ-Má-Dìde má sọ fún ọ. Má fi ìyà jẹ ẹ́, ó sunkún jù mí lọ.

Dókítà ní eegun ò kán, ọrùn ọwọ́ ló rọ́. Ó wá tẹ itan mi, ó mi orí. Ó ní kí ni mò ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní mò ń jókòó. Ó ní ta ló ní kí n máa jókòó. Mi ò dá a lóhùn.

Kò ṣẹlẹ̀ lójijì. Kí àga tó dé, mò ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù lókè, mò ń tẹ ẹ̀rọ, mò ń fa omi fúnra mi láti ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí o ní kí n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi, mi ò ní tàn ọ́. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ bá òun? Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí di ògiri mú lọ sí ilé ìwẹ̀. Nígbà tó tún yá, òun ló ń fà mí dìde. Ní báyìí, òun ló ń bá mi fọ ẹ̀yìn. Èmi! Èmi tí mo máa ń gbé ìwọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí tí mi ò fi ní wá nìyẹn. Rò ó wò. Ìwọ á dúró síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, wàá máa sọ fún wọn bí ẹsẹ̀ àgbà ṣe ń le. Ọkùnrin méjì á wá gbé mi wọlé bí àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n á gbé mi kalẹ̀ níwájú. Ẹnì kan á bi ìkejì ẹ̀ pé bàbá ta nìyẹn. Kí ni kó dá a lóhùn? Jẹ́ kí àga náà ṣófo, ọmọ mi. Ó sàn kó ṣófo.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu, ẹ kú ìrora, ẹ kú ìpamọ́ra. Mo ka ìwé yín ní ọ́fíìsì, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kànkùn, mo tún ìwé náà kà. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ má sọ pé rárá, ẹ má sì dá ọjọ́ orí lẹ́bi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka wa ni pé iṣan tí èèyàn ò bá lò, ara á gbà á padà. Mo máa ń sọ pé, "Tí ẹ bá fẹ́ràn àgbà kan, ẹ má gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀." Wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá, mo sọ ọ́ fún wọn lọ́sẹ̀ tí mo rán owó àga yẹn, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Àwọn tó wà ní yàrá iṣẹ́ mi, àgbà ni wọ́n. Ẹ̀yin, bàbá mi ni yín. Wọ́n ní ẹ ṣì ń fa omi lẹ́yìnkùlé, ojú sì tì mí. Mo ní kí ni èèyàn máa wí, pé ọmọ ẹ̀ wà lókè òkun, òun sì ń fa omi? Ìtìjú ara mi ni mo ra àga lé lórí. Mo wá pè é ní ìtọ́jú.

Ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ sí mi. Ẹ-Má-Dìde! Ẹ kọ ọ́ gbàgàdà, mo kà á fún àwọn èèyàn, a jọ fi ṣẹ̀rín. Orúnkún ń kan àgbọ̀n! Ọmọ tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa, tó bá ka ìyẹn, á mọ̀ pé àga náà ti rẹlẹ̀ jù fún àgbà. Èmi tí wọ́n fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ẹ̀ kà á, mo kọjá. Nígbà tí ẹ ní ẹ ò wá, mo gbé ọ̀rọ̀ ìsìnkú dé, torí ohun tó ń dun èmi ni mò ń gbọ́. Mi ò gbọ́ tiyín. Mo tún kọ̀wé sí yín pé àga á ṣófo níwájú gbogbo èèyàn, ẹ̀yin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ pẹ́. Ẹ fi ìwé yìí han dókítà yín ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àga tí mo rà yẹn kúrò, kí ẹ máa lo àga onígi ti Màmá tó wà ní ilé ìdáná. Kí káfíńtà fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kó má yọ̀. Ẹ gbé tábìlì tó wúwo síwájú. Ẹ sún sí etí àga, ẹ fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, kí ẹ wá dìde. Tí ẹ bá nílò ọwọ́, ẹ fọwọ́ ti tábìlì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi. Kí obìnrin yẹn dúró sítòsí, kó má ṣe fà yín lápá, kó sì dá ife yín, kànrìnkàn yín àti ìgbálẹ̀ yín padà fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí kò yé mi. Màmá máa ń sọ pé tí wọ́n bá ní kí ẹ yà sọ́tùn-ún, òsì lẹ máa yà. Ẹ ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni rí. Kí ló dé tó jẹ́ tèmi yìí, tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀, lẹ wá gbọ́?

Ọmọ yín tó jẹ̀bi.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹjọ

Tíṣà mi,

Nu ojú rẹ nù. Ìwé rẹ tutù nígbà tó dé, mi ò mọ̀ bóyá òjò ni àbí ìwọ.

Dókítà ka ohun tí o kọ, ó ní ta ló kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo dá a lóhùn! Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àga ìyá rẹ ti wà ní pálọ̀, tábìlì wà níwájú mi. Níbẹ̀rẹ̀, ìdí mi á kúrò lórí àga, á tún padà lọ bí ẹni tó gbàgbé fìlà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dìde. Tábìlì ni mo dì mú o, mi ò ní parọ́ fún ọ. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Òun náà wá ká apá sáyà, ó ní kí n wo ọkùnrin. Kò lè dìde! Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń wá bá mi ṣe é.

Ẹ-Má-Dìde nìyà ń jẹ. Bí mo bá gba ìgbálẹ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á dijú. Ó ní tí àwọn aládùúgbò bá rí mi, wọ́n á ní òun ń fi bàbá olóore ṣẹrú. Mo ní kó tilẹ̀kùn ìta nígbà náà. Ọmọṣẹ́ mi náà ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ padà wá, ó ní òun kàn ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ni. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e, kò yí rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ti ń yí díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ mi ò ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo gbà. Mo ṣáà fẹ́ kó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà mi.

O bi mí ní ìbéèrè, ǹ bá fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n o bi mí.

Lọ́dún tí ìyá rẹ kú, o kọ̀wé sí mi pé o ò rí oorun sùn mọ́. O ní bí o bá ti dijú, ilẹ̀kùn ilé wa ni wàá máa rí, ní títì. Gbogbo ìwé tí o ń kọ nígbà yẹn, ohun kan náà ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá gba Ẹ-Má-Dìde, o sì ra àga. Mi ò fẹ́ràn àga náà. Mo ní kí wọ́n gbé e síta fún onígbàjámọ̀, kí oníbàárà ẹ̀ máa jókòó sí i. Ọjọ́ kejì ni ìwé rẹ dé. O ní, "Bàbá, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé ẹ ti jókòó, tí ẹ̀ ń sinmi, mo ti ń sùn." Mo ní kí wọ́n gbé àga wọlé padà.

Mi ò lè wá sọ́dọ̀ rẹ wá rẹ̀ ọ́ sùn bí ìgbà tí o wà ní kékeré. Ìjókòó ni mo lè ṣe fún ọ. Mo sì jókòó.

Bàbá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Mo ti jókòó ti ìwé yín láti àná. Mo ń sùn, Bàbá. Ẹ̀yin ni oorun náà ń jẹ lẹ́sẹ̀, mi ò sì mọ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá wa pé kí wọ́n sún ọjọ́ gbọ̀ngàn síwájú, kí n lè kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ yín. Ó ní wọn kì í sún un, wọ́n ti tẹ káàdì, wọ́n ti pe èèyàn. Irú èsì tí wọ́n fún mi nìyẹn nígbà tí Màmá kú, mo sì gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n tẹ káàdì mìíràn. Ó wò mí títí, ó ní kò burú.

Mò ń bọ̀ nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Mi ò mú àga kankan bọ̀. Mi ò sì ní fi yín ṣe àpẹẹrẹ níwájú ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ jókòó tì yín, kí n bá yín gbé òwú sẹ́nu abẹ́rẹ́, kí n lọ síbi sàárè Màmá. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá pàdé mi, mo mọ ọ̀nà. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti dìde nígbà tí mo bá dé. Èmi á sáré wọlé wá bá yín níbi tí ẹ bá jókòó sí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Tíṣà mi,

O tún ti bẹ̀rẹ̀! "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti dìde." Mo ka ibẹ̀ fún Ẹ-Má-Dìde, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní òun ti rí ẹni tó máa gba orúkọ náà lọ́wọ́ òun.

Fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà tó ti géètì wá dé ilẹ̀kùn ò gùn, o mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ lo ti kọ́ ìrìn. Bí o bá dé, má sáré gbà á. Gbé ẹrù rẹ kalẹ̀ ní géètì. Má kúnlẹ̀, kò tíì yá. Ẹnu ọ̀nà ni màá wà, lórí àga ìyá rẹ. Bí o bá rí i tí mo fẹ́ dìde, dúró síbẹ̀. Bí mo bá padà jókòó, dúró síbẹ̀, màá tún dìde. Mo ti kìlọ̀ fún obìnrin yìí àti onígbàjámọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn mí lọ́jọ́ náà.

Mo mọ̀ pé á ni ọ́ lára. Fi ọwọ́ méjèèjì di géètì mú. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀. Ìwọ ṣáà dúró dè mí.

Bàbá rẹ.